Fíìmù Tí Ó Jáde Lófìfo: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń padà sí ọ̀dọ̀ kámẹ́rà onífíìmù, irú èyí tí àwọn onífọ́tò àtijọ́ ń fi kọ́ ọrùn, tàbí tí wọ́n ń gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú ilé-iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò ní fóònù tí ó lè yàwòrán. Wọ́n ti rí àwòrán dúdú-òun-funfun tí ó wà lára ògiri pálọ̀ àwọn òbí wọn àgbà, wọ́n sì ń fẹ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe mọ́. Àlòkù ni wọ́n ń rà, ẹni tí ó bá sì ra àlòkù, ó ra ohun tí kò mọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀ pé, lẹ́yìn tí a ti ya fíìmù tán, tí a ti fọ̀ ọ́, tí a sì nà án sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, a kò ní rí ohunkóhun lójú rẹ̀. Kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó, kò sí ilé, kò sí igi. Gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara bí gíláàsì.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu olúwarẹ̀ ni pé, “Kámẹ́rà yìí ti kú.” Ọ̀rọ̀ kejì, tí kì í pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé e, ni pé, “Ẹni tí ó tà á fún mi ti rẹ́ mi jẹ.” Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó mú kí a kọ ìwé yìí, nítorí orúkọ rere ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Àwa fẹ́ fi hàn ẹ̀yin olùkàwé wa pé fíìmù òfìfo náà kì í ṣe odi. Ẹlẹ́rìí ni, ó sì ní ibi pàtó tí ẹ̀rí rẹ̀ wà, bí a bá mọ ibi tí a ó wò.

Fíìmù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní 120. Ilé-iṣẹ́ Kodak ni ó gbé e jáde ní 1901 fún kámẹ́rà Brownie wọn, a sì ń ṣe é títí di òní. Ìbú rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ díẹ̀, a sì ká a pọ̀ mọ́ pépà gígùn kan tí inú rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní nọ́ńbà. Bí àwòrán bá jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gba-dọ́gba, 12 ni yóò wọ inú róòlù kan. Bí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ 10 tàbí 8 péré. Nínú àwọn kámẹ́rà tí ń lò ó, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni olójú méjì, irú èyí tí àwọn ará Jámánì fi Rolleiflex bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1929, tí àwọn ará Jàpáàn sì tún ṣe lónírúurú lẹ́yìn náà. Ojú òkè ni a fi ń wo ẹni tí a fẹ́ yà. Ojú ìsàlẹ̀ ni ó ń ya á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Iṣẹ́ fíìmù kò ṣòro láti yé ni. Oògùn kan tí a fi fàdákà ṣe ni a tẹ́ sí ojú rẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, kò tíì sí ohun tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn ti yàtọ̀ sí ibi tí kò kàn. Omi oògùn èkíní, tí àwọn onífọ́tò ń pè ní dìfẹ́lọ́pà, ni ó ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn di dúdú. Omi oògùn kejì, tí wọ́n ń pè ní fíkísà, a sì kó gbogbo èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò, títí ibẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Nítorí náà, fíìmù tí ó mọ́ gaara láti orí dé ìdí ń sọ ọ̀kan nínú ohun méjì: yálà ìmọ́lẹ̀ kò kàn án rárá, tàbí ìmọ́lẹ̀ kàn án ṣùgbọ́n dìfẹ́lọ́pà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí fíkísà tó dé. Ti èkíní, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà àti ẹni tí ó dì í mú ni. Ti èkejì, kámẹ́rà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ èwo ni? Ẹ wo etí fíìmù náà. Kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é, àwọn tí ó ṣe é ti kọ orúkọ rẹ̀ àti àwọn nọ́ńbà sí etí rẹ̀, ní ibi tí àwòrán kì í dé. Kì í ṣe yíǹkì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi ìmọ́lẹ̀ yàwòrán, ẹnikẹ́ni kò sì lè kà á títí dìfẹ́lọ́pà yóò fi sọ ọ́ di dúdú. Kámẹ́rà kò lọ́wọ́ nínú ìkọ̀wé yìí, kò sì lè pa á rẹ́.

Bí àwọn lẹ́tà náà bá dúdú dáadáa tí àárín fíìmù sì ṣófo, dìfẹ́lọ́pà ti ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni kò wọlé. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, tí etí fíìmù mọ́ gaara bí àárín rẹ̀, ẹ má ṣe tíì fi ọwọ́ kan kámẹ́rà, ẹ lọ wo àwọn ìgò oògùn. Bí lẹ́tà àti àwòrán bá jọ rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí ó ti ṣá, dìfẹ́lọ́pà náà ti gbó, tàbí ó tutù jù, tàbí a kò jẹ́ kí àkókò rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá dúdú tí àwòrán sì dà bí òjìji lásán, ìmọ́lẹ̀ wọlé, kò kàn tó ni. Àwọn fíìmù kan wà tí a tún ká láti inú róòlù ńlá, tí wọn kò ní lẹ́tà létí rárá. Àwa kò gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà níyànjú láti fi irú rẹ̀ dán an wò, nítorí ó ti lé ẹlẹ́rìí rẹ̀ jáde kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ará wa méjì, tí a fi rí bí ọ̀rọ̀ etí fíìmù yìí ti wúwo tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra kámẹ́rà olójú méjì lọ́wọ́ bàbá kan tí ó ti fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun rí. Ohun tí ó fẹ́ fi ṣe ni láti ya ìyá rẹ̀ àgbà, ẹni ọdún 91, kí àwòrán rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀ lára ògiri: kí ìyá jókòó, kí ó kọjú síwájú gan-an, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún, kí aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Ìjókòó yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ní àwòrán àtijọ́ nílé. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí ó wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé African Arts ní 1978, ó sì rí i pé bí Yorùbá ti ń wo àgbà ni ó hàn nínú rẹ̀. Fóònù àwọn ọmọ-ọmọ ti ya ìyá náà nígbà púpọ̀ níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín tàbí tí ó ń jẹun. Irú èyí tí ọmọkùnrin náà ń fẹ́ kò sí nínú wọn.

Ó ya róòlù méjì, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì fọ̀ wọ́n nílé. Méjèèjì jáde lófìfo. Ó tọ bàbá náà lọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ sí i tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí àgbà, níṣojú àwọn ayálégbé. Bàbá dáhùn pé kámẹ́rà náà pé nígbà tí ó fi ilé òun sílẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò sì kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ọmọ náà mọ́, àní ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Nígbà tí a pè wá láti bá wọn parí rẹ̀, ó yà wọ́n lẹ́nu pé a kò béèrè iye tí wọ́n san tàbí ẹni tí ó wà níbẹ̀. Fíìmù ni a béèrè.

A nà wọ́n sí iná. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo létí èyíkéyìí nínú wọn. A ní kí ọmọ náà mú àwọn oògùn rẹ̀ wá, ó sì gbé ìgò omi mímu méjì jáde, tí a ti bó ìwé ara wọn, tí ọ̀kan jọ èkejì bí Táíwò ti jọ Kẹ́hìndé. A gé díẹ̀ lára fíìmù tí a kò tíì lò, a gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, a sì kán omi inú ìgò tí ó pè ní dìfẹ́lọ́pà lé e lórí. Ó yẹ kí ojú ibẹ̀ dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kàkà kí ó dúdú, ó mọ́ gaara níṣojú gbogbo wa. Fíkísà ni ọmọ náà kọ́kọ́ dà sí fíìmù ìyá rẹ̀, ó sì ti kó gbogbo àwòrán lọ kí dìfẹ́lọ́pà tó dé ibẹ̀.

Inú bàbá náà dùn, ó sì dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó. Fíìmù tí a kò fọ̀ bí ó ti yẹ kò lè jẹ́rìí lòdì sí kámẹ́rà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí fún un pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, kámẹ́rà náà kò sì tíì ro tirẹ̀. A ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù nínú rẹ̀, a kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé, a sì ń wo inú lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlẹ̀kùn kékeré inú lẹ́ǹsì, èyí tí à ń pè ní ṣọ́tà, ṣí, ó sì pa dé. Ní ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá, ó ṣí. Ní ìdá 250, a gbọ́ ìró rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kankan kò kọjá. Ní ìdá 500, bákan náà. Ọmọ náà sì jẹ́wọ́ pé inú oòrùn ọ̀sán ni òun ti ya ìyá, ìdá 250 sì ni òun lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí náà, bí ìgò rẹ̀ bá tilẹ̀ wà létòlétò, fíìmù náà ìbá ṣì ṣófo. Ìyàtọ̀ tí ìbá wà ni pé lẹ́tà ìbá hàn létí rẹ̀. Bàbá kò purọ́, nítorí ó jẹ́ àṣà rẹ̀ láti yàwòrán nínú ilé ní ìdá 30 tàbí 60, kò sì ti kàn sí ìdá 250 fún ọdún púpọ̀. Òróró àtijọ́ ni ó ti gan mọ́ àwọn ewé ṣọ́tà náà. Bàbá gbà láti fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Ọmọ náà padà lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ayálégbé kan náà tí wọ́n gbọ́ èébú rẹ̀, èyí tí a kà sí pàtàkì ju owó náà lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró de àtúnṣe kí wọ́n tó tún ìyá yà, nítorí ẹni ọdún 91 kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kí ó dúró de oníṣẹ́. Wọ́n gbé àga sí ìbòòji ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lo ìdá 60, wọ́n sì kọ orúkọ sára ìgò. Nínú 12, 11 ni ó dára.

Ẹni tí lẹ́tà bá hàn létí fíìmù rẹ̀ ní ibi púpọ̀ láti wò, a ó sì tọ́ka sí àwọn tí ó wọ́pọ̀. Àyẹ̀wò ojú fèrèsé tí a ti sọ ni ó ṣáájú, kí a sì ṣe é ní gbogbo ìwọ̀n ìyára tí ó wà lára kámẹ́rà, kì í ṣe ní ọ̀kan ṣoṣo. Kí a ṣe é nígbà tí ihò lẹ́ǹsì fẹ̀ tán àti nígbà tí ó kéré jù. Kí a tún un ṣe ní òwúrọ̀ kí a tó fi nǹkan kan nínú kámẹ́rà náà rárá, nítorí ṣọ́tà tí ó ti gan a máa jí lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá, yóò sì tún sùn ní ọjọ́ kejì. Òǹtajà kan lè tẹ̀ ẹ́ títí kí oníbàárà tó dé. A kò sọ pé gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti olójú méjì, ìdérí lẹ́ǹsì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ojú òkè ni ènìyàn fi ń wò, yóò sì rí ohun gbogbo kedere, nígbà tí ìdérí ṣì bo ojú ìsàlẹ̀. Nínú kámẹ́rà tí ó ń fi dígí wo inú lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, irú àṣìṣe yìí kò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ní tiwọn. Mamiya RB67, tí ó jáde ní 1970, ní bọ́tìnnì kan lára lẹ́ǹsì tí ó ní N àti M. Bí ó bá wà ní M, títẹ ara kámẹ́rà a kàn gbé dígí sókè ni. Okùn ìtẹ̀ tí a so mọ́ lẹ́ǹsì ni ó ń ṣí ṣọ́tà. Ẹni tí kò mọ èyí yóò gbọ́ ìró ńlá, yóò yí fíìmù síwájú, yóò sì ya róòlù odindi láìya ohunkóhun. Ti Hasselblad àtijọ́, ìlẹ̀kùn méjì wà lẹ́yìn dígí tí ó gbọ́dọ̀ ṣí pẹ̀lú ṣọ́tà. Kí a yọ àpótí fíìmù kúrò, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí a sì wò ó láti ẹ̀yìn bóyá wọ́n ṣí tán.

Kámẹ́rà tí àpótí fíìmù rẹ̀ ń yọ kúrò tún ní ẹ̀tàn mìíràn. Fíìmù a máa yí ká nínú rẹ̀, ó sì rọrùn láti ki pépà rẹ̀ ní òdì, tí ẹ̀yìn pépà yóò fi kọjú sí lẹ́ǹsì. Nígbà náà pépà yóò bo fíìmù mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó bo orí, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú dúdú pépà ni ó gbọ́dọ̀ wo lẹ́ǹsì nígbà tí a bá ń kì í.

Ti fíláàṣì sì ni ó ń tan àwọn tí ó mọ iṣẹ́ jẹ pàápàá. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ ni a ó rí lẹ́tà M àti X. Ní ìgbà tí fíláàṣì jẹ́ gílóòbù tí ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ́lẹ̀ tán. Nítorí náà M a máa tan gílóòbù ná, kí ó tó ṣí ṣọ́tà. Fíláàṣì òde-òní kì í pẹ́ rárá. Bí a bá fi M sílẹ̀, yóò ti tàn, yóò sì ti kú, kí ṣọ́tà tó ṣí ojú rẹ̀. Gbogbo ìjọ yóò rí i tí iná bù yẹ̀rì lójú ìyàwó, fíìmù nìkan ni kò ní rí i. X ni kí a lò.

Fíìmù tí ó dúdú láti orí dé ìdí, àti etí rẹ̀, kì í ṣe òfìfo. Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, bóyá ẹnìkan ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà wò.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ ìgò. Kí a kọ orúkọ oògùn sí ara ìgò àti sí orí ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì kọ ọjọ́ tí a pò ó. Dìfẹ́lọ́pà tí ó bá gbó a sábà máa dà bí omi tíì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kú láìyí àwọ̀ padà. Nítorí náà kí a máa gé díẹ̀ lára fíìmù kí a sì kán an wò, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ọmọkùnrin náà, ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ fọ ohun tí a kò lè tún yà. Ìwé tí ó wà pẹ̀lú oògùn a máa sọ ìwọ̀n ìgbóná, 20 ni ó wọ́pọ̀. Fún HP5 Plus nínú ID-11 tí a kò bu omi là, ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ ni. Omi ilé wa a sábà máa gbóná ju 20 lọ. Kí a gbé ìgò náà sínú abọ́ omi yìnyín títí yóò fi rọlẹ̀, kí a má ṣe ju yìnyín sínú oògùn fúnra rẹ̀. Fíìmù tí fíkísà bá sì ti kó oògùn ojú rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà, bí ó ti wù kí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó ṣòfò lórí rẹ̀.

Kí a má sì ṣe ju fíìmù òfìfo nù. Kí a fi sínú àpò ìwé, kí a kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n ìyára tí a lò sára rẹ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tàbí òǹtajà, òun ni a ó fi hàn wọ́n. Ní ti àwọn ìgò oògùn náà, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìgò omi mímu ni púpọ̀ nínú wa ń lò, kí a gbé wọn sí inú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ má baà gbé e sẹ́nu.